Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré wo ló yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín n'Ìbàdàn?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Òjòó pè mí lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ti pinnu: Raspberry Pi 5 làwọn máa rà, ti RAM 8GB, torí òun ló yára jù. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí ló kan iná nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ?" Mo ní ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, pẹ̀lú àlàyé díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìyára. Ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. N'Ìbàdàn níbí, iná lẹ máa kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wá wo ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà RAM. Ìyára ló máa gbẹ́yìn.

Kí lẹ fẹ́ fi ṣe ná?

Bọ́ọ̀dù tí mò ń sọ yìí ni odindi kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó sórí pátákó kan ṣoṣo: ọpọlọ rẹ̀, RAM rẹ̀ àti àwọn ihò rẹ̀ jọ wà lójú kan. Kò ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, kò sì ní ojú. Raspberry Pi ló sọ irú rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká, láti ìgbà tí àkọ́kọ́ ti jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012.

Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe jù nínú ilé ni dídí ìpolówó. Ẹ gbé Pi-hole tàbí AdGuard Home sórí rẹ̀, ẹ wá ní kí gbogbo fóònù àti tẹlifíṣàn inú ilé máa bi í ní àdírẹ́sì ibikíbi tí wọ́n bá fẹ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí fóònù bá béèrè àdírẹ́sì ilé ìpolówó, bọ́ọ̀dù á ní òun ò mọbẹ̀. Ìpolówó ò ní wọlé, dátà tí ì bá jẹ náà á kù sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń ra dátà ní gígà-gígà mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ má retí pé á dí ìpolówó YouTube o. Ilé kan náà ni fídíò àti ìpolówó rẹ̀ ti ń jáde, tẹ́ ẹ bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìpolówó, fídíò náà ò ní rọ́nà jáde.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀nà àbáwọlé: kẹ́ ẹ wà ní ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo kámẹ́rà tàbí fáìlì tó wà nílé. WireGuard, ètò kan tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti ìta wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ni wọ́n sábà máa ń lò. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó lé èyí, ẹ wọ inú ráútà yín, ẹ wo nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan síta, bí ilé olójúlé mẹ́rìndínlógún tó ní géètì kan ṣoṣo. Ẹni tó wà níta ò lè kan ilẹ̀kùn yàrá yín ní tààràtà. Íntánẹ́ẹ̀tì 4G àti 5G sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, Starlink tí wọ́n ń tà fún ilé náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù tó lè tún èyí ṣe, bó ti wù kó yára tó. Tailscale, ètò mìíràn irú WireGuard, ló máa bá yín wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kékeré inú àwọn bọ́ọ̀dù yìí sì lè gbé e.

Àwọn tó kù: kíkó fíìmù àti fọ́tò jọ síbì kan tí gbogbo ilé ti lè wò ó, àti síso íntánẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ kó má baà sí àkókò tí ilé ò ní ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A máa padà sórí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ iná

Iye iná tí bọ́ọ̀dù ń jẹ ò tó nǹkan. Èyí tó bá ń jẹ wáàtì 5 tọ̀sán-tòru á jẹ yúníìtì 3.6 lóṣù. Ní ₦225 fún yúníìtì kan, iye tí wọ́n gbé owó iná Band A lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ₦810 nìyẹn. Owó kọ́ ni ìṣòro.

Ìṣòro ni pé iná á lọ láìdágbére. Bọ́ọ̀dù tó ń kọ nǹkan sórí káàdì mẹ́mọ́rì lọ́wọ́, tí iná bá já mọ́ ọn lójú, káàdì lè bàjẹ́ kó má tan mọ́. Pi 3 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó jẹun alẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé ń pariwo pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà o. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń bi ní àdírẹ́sì ló ti kú.

Ẹni tó ní inverter lè ní ọ̀rọ̀ ò kan òun. Òótọ́ ni, bí inverter náà kì í bá ṣe èyí tí wọ́n máa ń pa lálẹ́ kí bátìrì má baà tán. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ iná kódà tí kò bá sí ohun tó gbé lórí, ó sì lè jẹ ju bọ́ọ̀dù tó fẹ́ tọ́jú lọ. Ohun tó dáa jù lójú tèmi ni mini UPS, bátìrì kékeré tí àwọn èèyàn ń rà kó lè máa gbé ráútà nígbà tí iná bá lọ, èyí tó ní ihò 12V àti ihò USB 5V lára. Ráútà á jókòó sórí ọ̀kan, bọ́ọ̀dù á jókòó sórí èkejì.

Páwà báǹkì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 20,000mAh jẹ́ wáàtì-wákàtí 74. Tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó máa ń ṣòfò, ó kù bí 60. Bọ́ọ̀dù tó ń jẹ wáàtì 4 á lo wákàtí 15 lórí rẹ̀, ó ju òru kan lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páwà báǹkì ló lè máa gba iná kó sì máa fún nǹkan mìíràn níná lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á ṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí iná bá dé, bọ́ọ̀dù á sì kú kó tó tún jí. Á wá di pé dídé iná gan-an ló ń ba káàdì yín jẹ́. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e: ẹ so bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ẹ yọ ṣájà, ẹ tún un ki bọ̀ ọ́, ẹ wò ó bóyá á kú.

Ibí yìí ni Pi 5 ti kọ́kọ́ já èèyàn kulẹ̀. 5V, ámpíà 5 ni ṣájà tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù, páwà báǹkì àti mini UPS ò ní ámpíà 5 ní 5V. Èyí tó bá gbìyànjú jù máa ń ní 3. Pi 5 á tan lórí ámpíà 3, ṣùgbọ́n á dín iná tó ń fún àwọn ihò USB rẹ̀ kù sí mílíámpíà 600. Dísíìkì tẹ́ ẹ so mọ́ ọn lè máa kú, kó máa jí. Nítorí náà, bọ́ọ̀dù tó yára jù nínú wọn ló tún ń ṣe fáàrí jù lórí oúnjẹ.

Wọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Bọ́ọ̀dù | Ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì | RAM | Iná tó fẹ́ |
|---|---|---|---|
| Raspberry Pi Zero 2 W | kò ní | 512MB | 5V, 2.5A |
| Orange Pi Zero 3 | 1, gígábíìtì | títí dé 4GB | 5V, 3A |
| Raspberry Pi 4 | 1, gígábíìtì | títí dé 8GB | 5V, 3A |
| Raspberry Pi 5 | 1, gígábíìtì | títí dé 16GB | 5V, 5A |
| NanoPi R4S | 2, gígábíìtì | títí dé 4GB | 5V, 3A |
| Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ | 1 tàbí kó má ní | bẹ́ ẹ bá ṣe rà á | ṣájà tirẹ̀, bátìrì wà nínú ẹ̀ |

Pi Zero 2 W. Dọ́là 15 ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2021, iná tó ń jẹ ò sì tó nǹkan kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ihò wáyà. Wáìfáì ló ń lò, ti 2.4GHz nìkan. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní Agbowó tàbí ní ilé tí gbogbo ojúlé ti ní ráútà tirẹ̀, ojú ọ̀nà 2.4GHz yẹn dà bí Gbági lọ́jọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Bọ́ọ̀dù tí gbogbo ilé ń bi ní àdírẹ́sì ò gbọ́dọ̀ máa du ọ̀nà pẹ̀lú ará àdúgbò. Ẹ lè ra ohun tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ ihò USB rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fowó yẹn kún un, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ Orange Pi.

Orange Pi Zero 3. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tí owó ò bá fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní sùúrù. Ihò wáyà rẹ̀ jẹ́ gígábíìtì gidi (ó lè gbé nǹkan bí 1,000Mbps), ara rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú àti 5.5 ní gígùn, ó sì lè ní RAM tó ju ti Pi Zero 2 W lọ dáadáa. Pi-hole, WireGuard, Tailscale, gbogbo wọn á jókòó sórí rẹ̀ láìrojú. Kí ló wá dé tí mo fi sùúrù kún un? Nítorí nígbà tí nǹkan bá dojú rú, tẹ́ ẹ wá ń wá ìdáhùn kiri, ti Raspberry Pi lẹ máa rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Armbian àti DietPi, àwọn ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú bọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́, ló yẹ kẹ́ ẹ wò fún un. Ihò USB ńlá kan ṣoṣo ló ní, ó sì jẹ́ USB 2.0, torí náà ẹ má fi í ṣe ilé ìkó-fíìmù-sí.

Pi 4. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo lè dárúkọ, òun ni. Ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, kì í ṣe ọmọdé mọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: kò sí ìṣòro tó lè bá yín tí kò tíì bá ẹlòmíràn. Ihò wáyà rẹ̀ jẹ́ gígábíìtì gidi. Ihò USB 3.0 méjì tó ní, àwọn aláwọ̀ búlúù, lè gbé SSD (dísíìkì tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí nínú), ó sì lè tan láti orí SSD náà láìlo káàdì mẹ́mọ́rì rárá. Lórí iná, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé ṣájà ámpíà 2.5 tó dáa lè gbé e bí ohun tó wà lára USB rẹ̀ kò bá jẹ ju mílíámpíà 500 lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé mini UPS tó dáa díẹ̀ lè gbé e fún iṣẹ́ dídí ìpolówó.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì tẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń tà á lè pe Pi 3B+ ní gígábíìtì. Irọ́ kọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n inú USB 2.0 ni wáyà náà ń gbà kọjá, kò lè kọjá nǹkan bí 300Mbps. (Tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì 4G tó ń fún yín ní 30Mbps lẹ ní, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀, ẹ rà á bí kò bá wọ́n.) Èkejì, àwọn Pi 4 tó kọ́kọ́ jáde ní àléébù níbi ihò USB-C wọn: wáyà olówó ńlá tí wọ́n ń fi ṣájì láptọ́ọ̀pù kì í tan wọ́n, wáyà lásán ló ń tan wọ́n. Tẹ́ ẹ bá dán an wò lójú ọjà tí kò tan, ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti kú.

Pi 5. Mo ti bú u tó lórí iná, ẹ jẹ́ kí n yìn ín díẹ̀. Ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, ó ní ihò tí ẹ lè so dísíìkì NVMe (irú SSD kan tó yára gan-an) mọ́, ó sì ní aago tirẹ̀ bẹ́ ẹ bá ra bátìrì kékeré rẹ̀ mọ́ ọn. Ti aago yìí ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn Pi tó ṣáájú rẹ̀ ò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, tí bọ́ọ̀dù jí, á rò pé wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn ni a ṣì wà. Ó máa ní láti bi íntánẹ́ẹ̀tì ní aago, ṣùgbọ́n kó tó lè bi íntánẹ́ẹ̀tì, ó nílò àdírẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fúnni ní àdírẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá tan DNSSEC (àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá àdírẹ́sì kì í ṣe ayédèrú) sínú Pi-hole, tí aago sì jìnnà sí òótọ́, á kọ gbogbo àdírẹ́sì pé wọn ò bófin mu. Ọ̀rọ̀ wá di adìyẹ bà lókùn. Lórí Pi 4, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n kọ nọ́ńbà ilé aago sínú rẹ̀ dípò orúkọ, kó má baà nílò àdírẹ́sì rárá.

Bó bá jẹ́ nítorí fíìmù lẹ ṣe fẹ́ Pi 5, ẹ fetí sílẹ̀: kò ní ẹ̀yà ara tó ń yí fídíò padà sí ìwọ̀n kékeré, èyí tí Pi 4 ní. Bí fóònù tàbí tẹlifíṣàn bá lè wo fíìmù náà bó ṣe wà, kò sí wàhálà. Bí kò bá lè wò ó, tí Jellyfin, ètò tó ń pín fíìmù káàkiri ilé, ní láti yí i padà lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ bọ́ọ̀dù nìkan ló máa jẹ ìyà náà, á sì gbóná. Nínú ooru oṣù Kẹta lábẹ́ páànù Ìbàdàn, ẹ ra fáànù rẹ̀ mọ́ ọn.

NanoPi R4S jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ṣe ráútà gidi. Ihò wáyà méjì ló ní, OpenWrt, ètò ìpìlẹ̀ fún ráútà, sì mọ̀ ọ́n. Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ọ̀kan, ó jáde sí ilé láti èkejì. Bẹ́ ẹ bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, irinṣẹ́ kan wà nínú OpenWrt tó ń jẹ́ mwan3 tó máa sún gbogbo ilé sórí èkejì nígbà tí ọ̀kan bá já. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan tó fi irú ẹ̀ ṣe, àwọn oníbàárà ò tiẹ̀ mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ti lọ. R2S ni àbúrò rẹ̀, RAM 1GB, ó sì tó fún íntánẹ́ẹ̀tì 4G. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò ní ihò tẹlifíṣàn, wọn ò sì ní wáìfáì. Tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan sínú rẹ̀ ṣì, ẹ ti ara yín mọ́ta nìyẹn. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù tí mo máa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rìn káàkiri Queen Cinema tàbí Ìwó Road, òun lẹ máa rí, ẹ sì lè ti ní ọ̀kan tó ti fọ́jú nílé. Bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀. Aago rẹ̀ ń rìn. Ẹ lè fi dísíìkì ńlá sínú rẹ̀, tó bá sì jẹ́ Intel tí kò pẹ́ jù, á yí fídíò padà láìlàágùn. Ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iná tí Pi 4 ń jẹ ló sábà máa ń jẹ. Ẹ gbé Debian (ẹ̀yà Linux kan) sórí rẹ̀, ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore sínú fáìlì logind.conf kó má baà sùn tẹ́ ẹ bá dé e pa. Ẹ máa wo ìdí bátìrì náà lóòrèkóòrè. Èyí tó bá ti ń wú, ẹ yọ ọ́ kíá.

Káàdì mẹ́mọ́rì ayédèrú

Mo ra káàdì 128GB kan nígbà kan. Owó rẹ̀ dùn, ó yẹ kí n ti fura. Nígbà tí mo fi F3 yẹ̀ ẹ́ wò, kò tó 16GB tó wà nínú ẹ̀; ìyókù jẹ́ àlá. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ á gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sí i, á sì gbé e sọnù láìsọ fún yín. F3 wà fún Linux, H2testw wà fún Windows, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ yẹ káàdì wò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Tẹ́ ẹ bá lè rí èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà CCTV, èyí tí wọ́n kọ "endurance" sí lára, ẹ ra ìyẹn.

Wáyà ṣájà náà ní ayédèrú. Wáyà tínrín á jẹ iná mọ́nà, 5V tó kúrò nídìí ṣájà á di 4.6 kó tó dé bọ́ọ̀dù. Lórí Raspberry Pi, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Tó bá ní 0x0, ara rẹ̀ dá. Tó bá ní 0x50000, iná ti rẹlẹ̀ rí látìgbà tó ti tan, ẹ lọ pààrọ̀ wáyà yín kẹ́ ẹ tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà?

Bó bá jẹ́ ìpolówó nìkan lẹ fẹ́ dí, nínú ilé kan tí fóònù rẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ, Orange Pi Zero 3 oní-1GB ti pọ̀ tó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí ò ní máa gba àkókò yín, tẹ́ ẹ sì lè fi nǹkan kún un lọ́jọ́ iwájú, Pi 4 oní-2GB pẹ̀lú SSD kékeré. Fíìmù fún gbogbo ẹbí: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹ má wulẹ̀ wo bọ́ọ̀dù. Íntánẹ́ẹ̀tì méjì: NanoPi. Pi 5 dára fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í já, tó sì fẹ́ gbé iṣẹ́ mẹ́fà méje lé orí ẹ̀rọ kan.

Ẹ̀gbọ́n gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n bá mi jiyàn fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbà. Pi 4 ni wọ́n rà, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mini UPS ń gbé méjèèjì. Lánàá wọ́n tún pè mí. Inú ń bí wọn díẹ̀: ìpolówó ṣì ń jáde lórí YouTube.